Owó Tí Kò Ra Búrẹ́dì

Bí o bá ti gba pápákọ̀ òfuurufú Dublin kọjá láàárín ogún ọdún sí àkókò yìí, ó ṣeé ṣe kí Bánjọ Ògúntádé ti yẹ àpò rẹ wò. Má bínú sí i, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún nìyẹn. Ìdí ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù wò ló máa ń dúró sí, níbi tí wọ́n ti ń ní kí èèyàn bọ́ bẹ́líìtì, kó sì kó gbogbo ohun tó wà lápò rẹ̀ sínú tíréè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá ọ̀bẹ àti ìgò omi. Bánjọ náà ń wá wọn, àmọ́ bí kọ́ìnsì bá wà nínú tíréè, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ yà sí ná. Bí ó bá rí ti Japan, á dá a mọ̀. Bí ó bá rí ti Brazil, á dá a mọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé kò sí owó tí Bánjọ kò mọ̀ láyé yìí, àfi èyí tó yẹ kó wà lápò tirẹ̀.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ó ga, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè. Adamstown, létí Dublin, ló ń gbé pẹ̀lú Olúfúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Lucan. Ohun tó sọ ọ́ di oníkọ́ìnsì ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2006, nígbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó wọṣẹ́. Bàbá arúgbó kan, ará Amẹ́ríkà, gbé báàgì rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì fi ohun róbótó kan hàn nínú páálí ike. Bánjọ ní kó ṣí i. Kọ́ìnsì bàbà pupa ni, orí obìnrin kan wà lára rẹ̀. Bánjọ bi í léèrè pé èwo nìyí nínú owó Amẹ́ríkà, torí òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí bó ṣe lè rí i, nítorí owó náà kò dé ọwọ́ ará ìlú rí. Ó ṣàlàyé pé kí ìjọba Amẹ́ríkà tó gbé owó tuntun jáde, àwọn tó ń tẹ owó ní Filadẹ́fíà máa ń tẹ ẹyọ díẹ̀ ná, kí àwọn ọ̀gá lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà mìíràn wọ́n á fi bàbà tẹ èyí tó yẹ kó jẹ́ wúrà, torí kí wọ́n má fi wúrà ṣòfò. Bí àwọn ọ̀gá bá gbà á, ó di owó. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó parí síbẹ̀.

“Èyí ni wọ́n kọ̀,” ni bàbá náà wí. Ó sì rọra dá a padà sínú páálí rẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Bánjọ lára, ó sì ní ìdí méjì. Bàbá tó bí i, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ìkòkò alumíníọ̀mù ló ń ṣe. Á ra àlòkù páànù àti ajákù ẹ́ńjìnnì mọ́tò, á yọ́ wọn nínú iná, á sì dà wọ́n sínú iyanrìn tó ti fi àwòrán ìkòkò tẹ̀. Nígbàkigbà tó bá gbé irú ìkòkò tuntun jáde, kì í ta èyí àkọ́kọ́. Ara ògiri ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń gbé e kọ́ sí, kó lè máa wò ó ṣe àwọn tó kù. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ní etí mẹ́ta. Oníbàárà kankan kò béèrè irú rẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí náà ẹyọ kan péré ló wà láyé, ó sì wà lára ògiri yẹn títí bàbá fi kú. Ogójì ọdún gbáko ni ìyá Bánjọ fi bá ọkọ rẹ̀ jà lórí ìkòkò yẹn. Ó ní irú orí wo ló ń gbé ìkòkò kọ́ ògiri nígbà tí aládùúgbò ń yá ìkòkò?

Ìdí kejì kò jìnnà. Bánjọ àti ìyàwó rẹ̀ gbé Ṣeunfúnmi, ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà, wá sí Ireland lọ́dún 2001, wọ́n sì fi ọdún mẹ́rin dúró de ìwé ìgbélùú. Wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, wọn ò sì ní kó máa lọ. Ó mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn wà lórí tábìlì àwọn ọ̀gá, kí wọ́n máa yí i wò lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n má sì tíì sọ bóyá yóò di owó. Nítorí náà, nígbà tí bàbá Amẹ́ríkà yẹn ní “èyí ni wọ́n kọ̀,” àánú kọ́ìnsì ṣe Bánjọ. Àánú kọ́ìnsì kò ṣe é rí láyé rẹ̀.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í mu ọtí, kì í mu sìgá, kì í ta tẹ́tẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń ra ẹyọ owó ìdánwò kan, lẹ́yìn tó bá ti fi ojú oorun ṣiṣẹ́ àfikún. Nígbà tí yóò fi pé ogún ọdún, ó ti ní méje. Olúfúnmilọ́lá kò dá a lẹ́kun, àmọ́ kò fi ẹnu sílẹ̀.

“Dádì Ṣeun,” á wí níwájú àlejò, “ọkọ àwọn ẹlòmíì ń kọ́lé sí Abẹ́òkúta. Tèmi ń ra owó tí kò lè ra búrẹ́dì.”

Bánjọ á dáhùn pé ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

“Ológún ẹrú yẹn kúkú ń wọ aṣọ ẹ̀,” ni ìyàwó rẹ̀ á wí.

Ìkẹjọ ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Sẹ́ńtì mẹ́wàá ọdún 1869 ni, alumíníọ̀mù ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn yà yín lẹ́nu. Láyé ìgbà náà, àwọn òyìnbó ò tíì mọ ọ̀nà ìrọ̀rùn tí wọ́n lè gbà yọ alumíníọ̀mù jáde, ohun ọ̀ṣọ́ olówó ńlá ló jẹ́. Nígbà tí Bánjọ kọ́kọ́ kà á nínú ìwé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ohun tí bàbá rẹ̀ ń fi ọwọ́ dúdú dà sínú iyanrìn, tí gbogbo Ẹ̀gbá fi ń se omi ẹ̀kọ, òun làwọn ọlọ́lá ń pọ́n lé nígbà kan! Ọdún mọ́kànlá ló fi wá ẹyọ kan tí agbára rẹ̀ ká. Nígbà tó dé láti Ohio, tó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, òun nìkan nínú yàrá.

Ẹgbẹ́ kan wà láàárín ìgboro Dublin tí wọ́n ń kó owó àtijọ́ jọ, yàrá òkè kan ni wọ́n ti ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọdún kejìlá rèé tí Bánjọ ti ń lọ síbẹ̀. Àwọn bàbá arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn, owó Ireland àtijọ́ ni wọ́n sì fẹ́ràn, èyí tó ní ẹṣin, ehoro àti adìyẹ lára. Òfin ibẹ̀ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé nǹkan wá fún gbogbo ẹgbẹ́ láti wò, á fi káàdì funfun kékeré kan síwájú rẹ̀, orúkọ owó náà, ọdún rẹ̀, àti orúkọ olówó rẹ̀. Bánjọ ti ka káàdì àwọn ẹlòmíràn fún ọdún méjìlá. Ó ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀ látọjọ́ kìíní, orúkọ rẹ̀ hàn gàdàgbà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ẹnì kan kò pè é síwájú rí, òun náà kò sì tọrọ ààyè.

Nígbà tó wá ṣe, Nathaniel, alága ẹgbẹ́, ẹni tó ti fi ogójì ọdún pín lẹ́tà kí ó tó fẹ̀yìn tì, gbọ́ nípa ti alumíníọ̀mù náà. Ó pe Bánjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Banjo, give us twenty minutes on the American stuff next month. And bring the aluminium yoke.”

Yoke ni wọ́n ń pe nǹkankínǹkan níbẹ̀. Bánjọ ní ó dáa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gba ibùdó ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ kọjá láìmọ̀, ó sì di dandan kó wọ òmíràn padà sí Adamstown.

Àárín oṣù yẹn ni Ṣeunfúnmi bímọ, ọmọ àkọ́bí rẹ̀, obìnrin. Ìyá Bánjọ, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, sì ti wọ bàálù fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ kó lè wá wẹ ọmọ. Ilé Bánjọ ni wọ́n kó ìyá ìkókó sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti sọ ọmọ lórúkọ ní Sátidé. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan géérégé sí ọjọ́ tí Bánjọ yóò sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Nathaniel fi àtẹ̀ránṣẹ́ béèrè fọ́tò kọ́ìnsì náà. Bánjọ bọ́ ọ kúrò nínú àpò ike rẹ̀, ó gbé e sórí àwo pẹrẹsẹ kan lójú fèrèsé kíṣìnnì níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Bó ṣe ya fọ́tò tán báyìí ni aago ẹnu ọ̀nà dún, àlejò ti dé. Ó gbé àwo náà sínú press òkè, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyọ̀, ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e. Ẹ̀yin náà mọ bí “mò ń bọ̀” ṣe máa ń rí lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Nígbà tí ilé kún, Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé abọ́ omi kan wá sáàárín. Ó ní nílé àwọn, ẹni tó bá fẹ́ pe ọmọ lórúkọ a fi owó sínú omi ná, a wá pè é. Àwọn èèyàn fọwọ́ kan àpò. Káàdì ló wà níbẹ̀, fóònù ló wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ kò sí. Tàófíìkì, ọkọ Ṣeunfúnmi, ọmọ Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, dá àbá.

“Mama, kò le. Kí wọ́n kàn ṣe transfer, màá fi account number ránṣẹ́ sí wọn.”

“Ṣé inú fóònù lorúkọ ọmọ rẹ á máa gbé ni?” Ìyá Àgbà béèrè. “Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé tiwa lẹ ó wò.”

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti rántí pé owó kan wà nínú mọ́tò òun, èyí tí wọ́n fi ń ṣí kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ní sọ́ọ̀bù ńlá. Gbogbo ilé bá tú jáde. Ẹ wo àgbààgbà pẹ̀lú agbádá tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ inú mọ́tò nínú òjò wínníwínní, tí wọ́n ń wá owó kẹ̀kẹ́! Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Alàgbà Akínbíyìí, tó ń darí ètò, bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ju owó sómi, ó ń ró tó, tó, tó. Ìbùkúnolúwa lorúkọ tí bàbá ọmọ sọ ọ́. Àwọn òbí Tàófíìkì pe tiwọn látinú fídíò ní Ìbàdàn, Tàófíìkì sì bá wọn ju owó sí i.

Ó kan Ìyá Àgbà. Kò lówó lọ́wọ́, kò sì fẹ́ gba ti ẹlòmíràn. Ó dìde, ó wọ kíṣìnnì lọ láti wá ohunkóhun tó bá rí. Bánjọ ló ń fi fóònù gba fídíò, kò tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìyá padà dé, nǹkan funfun kékeré kan wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka rẹ̀. Ìyá Àgbà kì í ju nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ kì í yá, bẹ́ẹ̀ ni kì í gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ abọ́, ó rọra tẹ́ nǹkan náà sójú omi.

Kò rì.

Ó léfòó sójú omi, ó rọra ń yí, orí obìnrin tó wà lára rẹ̀ sì kọjú sí òkè. Gbogbo ilé na ọrùn wò ó. Kódà àwọn ará Ìbàdàn inú fídíò sún mọ́ fóònù wọn.

“Àníkẹ́ lèmi pè é,” Ìyá Àgbà wí.

Lẹ́yìn náà ni ilé gbiná. Alàgbà Akínbíyìí gbé ohùn sókè pé ọmọ yìí kò ní rì láyé, wọ́n ṣe àmín tó lè gbé òrùlé. Ṣeunfúnmi, tó gbọ́ Yorùbá yékéyéké àmọ́ tí ahọ́n rẹ̀ ti di ti Dublin, ń fi ọwọ́ nu ojú. “Did yous see that? It's floating, like.” Bánjọ nìkan ni kò lè ṣe àmín. Ó mọ̀ pé alumíníọ̀mù ló fúyẹ́, pé awọ ojú omi lè gbé ohun kékeré bẹ́ẹ̀ bí ọwọ́ bá rọra tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó ti rí i rí nínú korobá omi bàbá rẹ̀. Ohun tó ń ronú lé lórí ni pé ọdún mọ́kànlá ló wà lójú omi yẹn, àti pé ohun tí a bá fi pe ọmọ lórúkọ ti di ti ọmọ. Ẹni tó bá mú un padà, orúkọ ló mú padà yẹn. Ó jókòó sí apá àga.

Bóyá ì bá ṣì gba kámú. Àmọ́ Ìyá Àgbà kò tíì parí.

“Ẹ bá mi dá a lu,” ó wí. “Ẹ ki okùn bọ̀ ọ́, ká so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Bí a ṣe ń ṣe owó ẹ̀ẹ̀ní oníhò nìyẹn láyé ìjọ́sí.”

“No wahala, Mama,” Tàófíìkì wí. “Mo ní drill. Lọ́la ni màá gbé e wá.”

Láti ìgbà yẹn ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bánjọ. Ẹni tó bá mọ̀ nípa owó àtijọ́ mọ̀ pé ihò kan nínú rẹ̀ dà bí ikú. Lọ́jọ́ Sunday, Tàófíìkì gbé drill dé, ó sì lọ jẹun ná. Kó tó jẹun tán, irin ẹnu drill tó tín-ínrín jù ti pòórá. Wọ́n wá a títí. Bánjọ bá wọn wá a dáadáa, ó tiẹ̀ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè. Lọ́jọ́ Tuesday, Tàófíìkì ra irin tuntun. Bánjọ ní kó má fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ú, ó ní alágbẹ̀dẹ góòlù ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ bá, òun mọ ẹnì kan nígboro, ẹni yẹn rin ìrìn àjò, Friday ló ń bọ̀. Irọ́ gbáà ni. Àánú àna rẹ̀ ṣe é, torí ọmọlúàbí ni, kò jiyàn rárá. “It's grand, Daddy. Ìgbà tó bá yá yín la ó ṣe é.”

Lọ́jọ́ Wednesday, Olúfúnmilọ́lá ń po gàrí, ṣíbí rẹ̀ sì lu irin. Ó fà á jáde, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀.

“Dádì Ṣeun, kí ni irin ń wá nínú gàrí mi?”

Bánjọ jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú. Nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó dá ẹ̀rín náà dúró. Ó ti ń fi kọ́ìnsì wọ̀nyí ṣe ẹ̀fẹ̀ fún ogún ọdún, kò sì rí i kó ba ojú jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

“Ẹ lọ sọ fún Màámi,” ó wí.

“Mi ò lè sọ ọ́. O mọ bí wọ́n ṣe bá Bàámi jà lórí ìkòkò ara ògiri. Ṣé kí n wá sọ fún wọn pé ohun tí a kì í lò lèmi náà ń kó jọ? Àti pé kí wọ́n dá ohun tí wọ́n fi sọmọ lórúkọ padà?”

“Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ò tíì dàgbà tó ni?”

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ bá ìyá rẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ọmọ wà lórí wọn, òórùn òrí gba gbogbo ibẹ̀. Bánjọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́ láti orí bàbá Amẹ́ríkà dórí irin inú gàrí. Kò fi ohunkóhun pamọ́. Ìyá rẹ̀ ń wẹ ọmọ lọ ní tirẹ̀.

“Mo mọ̀ pé alumíníọ̀mù ni,” ó wí nígbà tó yá. “Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ni mo mọ̀. Bó bá jẹ́ owó lásán ni mo ń wá, ǹ bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Irin bàbá rẹ ni mo rí, òun ni mo ṣe mú un. Òun ló bọ́ gbogbo yín.” Ó bu omi sí ọmọ lórí. “Ṣé bí ìkòkò ẹlẹ́tìí mẹ́ta yẹn lo wí?”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Màámi. Wọ́n ṣe é wò, wọn ò sì ṣe òmíràn mọ́.”

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ní Abẹ́òkúta ló wà.”

Bánjọ gbé ojú sókè.

“Ìkòkò yẹn. Nígbà tí bàbá rẹ kú, tí ẹbí ń pín nǹkan, wọ́n ní kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra ajákù. Mo ní kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ wá gbé e. Èmi tí mo bá a jà fún ogójì ọdún.” Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti yí. “Gbogbo èyí tó kù, ti oníbàárà ni. Ìyẹn nìkan ló ṣe fún ojú ara rẹ̀. Mi ò se nǹkan kan nínú ẹ̀ rí.”

Omi lé ròrò sójú Bánjọ, kò sì fi pamọ́. Ogún ọdún ló ti ń rò pé bàbá òun nìkan ni òun fi jọ.

“Ẹnikẹ́ni kò ní dá a lu mọ́,” Ìyá Àgbà wí, ó sì fi aṣọ di ọmọ. “Àmọ́ mi ò ní dá a padà fún ọ o. Orúkọ ti wà lórí ẹ̀. Bó o bá fẹ́ lò ó ní Sátidé, tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.”

Bánjọ wo ìyá rẹ̀, ó rí i pé kò ṣeré. Nítorí náà ọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí táìlì balùwẹ̀ tó tutù níwájú ọmọ ọjọ́ mẹ́tàlá, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó yá òun ní kọ́ìnsì rẹ̀. Ọmọ sín.

“Ó ti gbà,” Ìyá Àgbà wí.

Ní Sátidé, gbogbo wọn wọ ọkọ̀ ojú irin láti Adamstown lọ sígboro, torí Ìyá Àgbà ní nǹkan ọmọ kì í dá jáde láìsí ọmọ. Ìjókòó iwájú ni wọ́n jókòó sí, Ìyá Àgbà, Olúfúnmilọ́lá, Tàófíìkì, àti Ṣeunfúnmi tó gbé ọmọ dání. Àwọn bàbá arúgbó ẹgbẹ́ bọ́ fìlà. Bánjọ dúró níwájú, ó tẹ́ ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀, kò sọ èyí tó kọ sínú ìwé mọ́. Ó sọ ti ìkòkò ẹlẹ́tìí mẹ́ta, ó sọ ti alumíníọ̀mù tó ṣọ̀wọ́n nígbà kan, ó sọ bí wọ́n ṣe ń kọ owó kan sílẹ̀ tó sì tún ń wu èèyàn lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti gbé e sínú omi, bàbá kan láàárín fi ọwọ́ bo ojú. Nígbà tó dé ibi drill, méjì dìde dúró. Nathaniel rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó wá kù kó fi káàdì síwájú kọ́ìnsì náà. Bánjọ mú èyí tó ti kọ látọjọ́ pípẹ́ jáde lápò, ó wo orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó dùn ún díẹ̀, kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ó yí káàdì náà sẹ́yìn, ó mú bírò, ó kọ sẹ́ńtì mẹ́wàá, alumíníọ̀mù, 1869. Síwájú ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ olówó sí, ó kọ Àníkẹ́.

Nathaniel gbé káàdì náà sókè láti kà á fún gbogbo ẹgbẹ́. Kò pè é dáadáa. Bánjọ tún un pè fún un. Ó tún gbìyànjú, àwọn tó kù bá a pè é, yàrá òkè kún fún ohùn àwọn àgbàlagbà Dublin tí wọ́n ń wí pé Àníkẹ́, Àníkẹ́, títí ó fi wọ̀ wọ́n lẹ́nu.

“Kí ni wọ́n ń wí?” Ìyá Àgbà béèrè.

“Orúkọ ọmọ ni wọ́n ń pè, Màámi.”

“Wọ́n sì ń pè é lọ́fẹ̀ẹ́? Sọ fún wọn.”

Ojú ti Bánjọ, àmọ́ ó sọ ọ́. Ó ní nílé àwọn, ẹni tó bá pe ọmọ tuntun lórúkọ a fi owó sílẹ̀. Àwọn bàbá náà wojú ara wọn. Kò sí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ owó bí àwọn wọ̀nyí, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan tiwọn. Nathaniel yẹ inú àwo ìkówósí rẹ̀ wò títí. Ó yọ pẹ́nì àtijọ́ kan tó ní adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ lára, ó rìn wá, ó gbé e sórí aṣọ tí wọ́n fi wé ọmọ. “Àníkẹ́,” ó wí. Ẹni tó tẹ̀ lé e fi ehoro sílẹ̀. Ẹlòmíràn fi ẹṣin sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lọ́ra díẹ̀ kó tó já a sílẹ̀. Wọ́n tò wá títí aṣọ ọmọ fi kún, ọmọ kò sì tiẹ̀ jí.

Olúfúnmilọ́lá wo ọmọ, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

“Ó ti tán,” ó wí. “Ẹ ti di méjì nínú ilé mi báyìí tẹ́ ẹ̀ ń kó owó tí kò ra búrẹ́dì jọ.”